Ẹnu Ọmọ Tí Kò Tíì Lè Sọ̀rọ̀

Bí a bá ra bàtà tó há, ẹsẹ̀ wa ló máa kọ́kọ́ sọ fún wa. Bí a bá ra fóònù tí bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọ̀rẹ́ wa á ti gbọ́. Ọjà ọmọ ọwọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lò ó kò lè sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọmọ oṣù mẹ́ta ò lè sọ pé oògùn yìí ń run òun nínú, kò lè sọ pé ọṣẹ yẹn ń yún òun lára. Ẹkún ló ní, ẹkún kan náà ló sì fi ń sọ gbogbo rẹ̀: ebi, oorun, ooru, inú rírun.

Ìdí nìyí tí òbí fi di ẹnu ọmọ. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, etí odò, ọjà àti àgbàlá ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ara wọn pé, "Má ra tiẹ̀ o, ara ọmọ mi sú nígbà tí mo lò ó." Láyé tiwa, orí WhatsApp ni, tàbí abẹ́ àwòrán ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí a ti ń fún un ní ìràwọ̀ kan tàbí márùn-ún. Àwa méjèèjì tí a jọ ń tọ́mọ nílé yìí, a ti ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín òru títí ojú fi ń ta wá, kí a tó lè ra agolo mílíìkì kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ sọ́fítíwíà la ń ṣe jẹun. Ohun kan wà tí iṣẹ́ náà kọ́ wa: ẹni tó ń lo nǹkan ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ọ̀hún ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n kì í sábà mọ ibi tó ti bàjẹ́. Nígbà tí a yẹ ìtàn ọjà ọmọdé wò, ohun kan náà la bá níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé, níbi tiwa, owó àti àkókò ló ń ṣòfò. Níbi tiwọn, ọmọ ni.

Nítorí náà, ìbéèrè tí a fẹ́ bi ìtàn ni pé: bí òbí bá sọ òtítọ́ inú rẹ̀ nípa ọjà kan, báwo ni òtítọ́ náà ṣe lágbára tó?

Omi tó ń mú ọmọ sùn

Ní 1849, ní ìlú Bangor ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn olómi kan tí wọ́n pè ní Mrs. Winslow's Soothing Syrup. Wọ́n ní fún ọmọ tó ń hu eyín ni. Ṣíbí kan, ẹkún tán. Wọ́n tẹ káléńdà, wọ́n tẹ ìwé oúnjẹ sísè, wọ́n tẹ káàdì aláwọ̀ mèremère tí ìyá àti ọmọ wà lórí rẹ̀. Wọ́n sì ń gbé ọ̀rọ̀ ìyìn àwọn ìyá jáde nínú ìwé ìròyìn.

Ṣé irọ́ ni gbogbo àwọn ìyá náà ń pa? Kò dájú. Oògùn náà ń ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe. Ọmọ tó ti ń ké láti àárọ̀ á mu ún, á dákẹ́, á sùn, ìyá náà á rójú sùn. Bí wọ́n bá bi irú ìyá bẹ́ẹ̀ léèrè, ìràwọ̀ márùn-ún ló máa fún un, tinútinú ni. Ohun tí kò mọ̀ ni pé morphine ló wà nínú ìgò náà, oògùn líle tí dókítà fi ń pa ìrora ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Bó bá pọ̀ lára ọmọ ọwọ́, èémí ọmọ náà á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, oorun ọ̀hún á wá di oorun àìjí.

Àfi ìgbà tí Amẹ́ríkà ṣe òfin oúnjẹ àti oògùn ní 1906 ni wọ́n tó fipá mú àwọn tó ń ṣe irú nǹkan báyìí láti kọ ọ́ sára ìgò bí morphine bá wà nínú rẹ̀. Ní 1911, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ka oògùn náà mọ́ àwọn oògùn tó ń pa ọmọdé. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń tà á lẹ́yìn ìgbà náà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan nìyẹn. Ní 1851, ọdún méjì lẹ́yìn ti Mrs. Winslow, William Woodward bẹ̀rẹ̀ sí í ta Gripe Water ní ìlú Nottingham ní Ìlú Ọba. Púpọ̀ nínú wa mọ ìgò yẹn, àwòrán ọmọ ọwọ́ tó fọwọ́ fún ejò lọ́rùn ló wà lára rẹ̀. Òróró ewé dill, sodium bicarbonate, ṣúgà àti omi wà nínú rẹ̀. Ọtí náà wà níbẹ̀: nǹkan bíi 3.6 nínú 100, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti bíà. Ìgbà tó di 1992 ni wọ́n yọ ọtí kúrò nínú èyí tí wọ́n ń tà ní Ìlú Ọba. Bí ìyá àgbà bá ní, "Òun la fi tọ́ gbogbo yín, ẹ sì ń sùn fọnfọn," òótọ́ ni. Ta ni kò ní sùn?

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Nínú ìtàn méjèèjì yìí, òbí ò purọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n dáhùn: ṣé ọmọ dákẹ́? Kò sí ẹni tó lè dáhùn ìbéèrè kejì láti inú ilé: kí ló mú un dákẹ́?

Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó ń ṣiṣẹ́

Láàárín àwa tí a ń kọ sọ́fítíwíà, àwàdà kan wà tó ti gbó. Bí ẹnìkan bá wá ráhùn pé ohun tí a ṣe kò ṣiṣẹ́, ẹni tó kọ ọ́ á ní, "Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó ń ṣiṣẹ́." Òótọ́ ló ń sọ, àmọ́ òótọ́ náà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí pé kọ̀ǹpútà tiwa àti tiẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Káńfọ̀ ni àpẹẹrẹ tó dára jù fún èyí nínú ilé Yorùbá. A ń sọ̀rọ̀ nípa èyí funfun róbótó tí a máa ń jù sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá ló ń kó o sínú àpótí tí aṣọ ọmọ tí wọ́n fẹ́ bí wà, kó lè máa ta sánsán. Lóòótọ́, káńfọ̀ kọ́ ló sábà máa ń wà nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, naphthalene ni. Ó ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, ó ń wọ inú aṣọ, ara ọmọ sì máa ń fà á mọ́ra.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí èròjà kan tí à ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àjogúnbá ni, ó wọ́pọ̀ láàárín wa, àwọn ọmọkùnrin ló sì ń bá jù. Èròjà yìí ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa naphthalene símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́, ojú àti ara rẹ̀ á pọ́n bí àtalẹ̀ pupa. Bí ohun tó pọ́n yẹn bá pọ̀ títí tó fi dé ọpọlọ, ọmọ lè di adití, ó lè má lè rìn dáadáa láyé rẹ̀, ó sì lè kú. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ọmọdé ní Nàìjíríà ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ wá wo ìyá tó lo káńfọ̀ fún ọmọ márùn-ún tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Bó bá ní, "Kò sí ewu níbẹ̀," ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ń sọ. Lórí ọmọ tirẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ni nǹkan máa ṣe, kò sì sí ẹni tó máa ronú kan àpótí aṣọ.

Tìróò náà nìyẹn. Ẹwà ni wọ́n fi ń lé e sójú ọmọ, àwọn mìíràn sì gbà pé ó ń jẹ́ kí ojú ọmọ ríran kedere. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn ẹbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ọmọ ni, kì í ṣe pé ara ọmọ náà ò yá. Wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wá ibi tó ti wá títí wọ́n fi dé orí tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ́ wò ní yàrá ìwádìí, òjé tó wà nínú rẹ̀ ju 80 nínú 100 lọ.

Òjé kì í pariwo. Kì í mú ọmọ bì lójú ẹsẹ̀, kì í mú ara gbóná. Ọpọlọ ló ń bá jà díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ náà bá wá dé ilé-ìwé tí kò tètè mọ̀wé, ta ni yóò rántí tìróò? Ìyá tó bá fi gbogbo ọkàn wo ọmọ rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ ò lè rí i. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ náà tó. Ojú ènìyàn kò mú dé ibẹ̀ ni.

Omi dídùn

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé a fẹ́ ní kí òbí dákẹ́, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀, ẹ dúró ná. Ìtàn tó kàn yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Paracetamol kì í tètè yòrò nínú omi lásán. Kó tó lè di oògùn olómi tí ọmọ lè mu, wọ́n ní láti lo nǹkan tó máa yọ́ ọ. Propylene glycol tàbí glycerine ni wọ́n sábà ń lò. Wọ́n ki díẹ̀, wọ́n sì dùn lẹ́nu. Àmọ́ nǹkan mìíràn wà tó jọ wọ́n, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ diethylene glycol. Òun náà ki, òun náà dùn, owó rẹ̀ sì kéré sí tiwọn. Inú iṣẹ́ ẹ̀rọ ló yẹ kó wà, irú bí omi bírèèkì ọkọ̀. Bó bá wọ inú ènìyàn, kíndìnrín ló ń bà jẹ́.

Ní 1937, ilé-iṣẹ́ S. E. Massengill ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà yọ́ oògùn sulfanilamide sínú rẹ̀, wọ́n fi adùn èso raspberry sí i. Wọ́n yẹ àwọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ òórùn rẹ̀ wò, wọ́n yẹ adùn rẹ̀ wò. Wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè pa ènìyàn, torí pé òfin ìgbà náà ò ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ènìyàn tó kú lé ní 100, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ìyá kan ní ìlú Tulsa kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Roosevelt nípa ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí oògùn náà pa. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dá títa irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1938, òfin tuntun jáde: ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé kò ní ewu.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀, àmọ́ kò parí. Ní nǹkan bíi 1990, ní Ìbàdàn àti Jos, omi dídùn kan náà wọ inú paracetamol ọmọdé, ó sì pa ọmọ tó lé ní 100. Wàhálà ayédèrú oògùn irú èyí wà lára ohun tó bí NAFDAC, tí òfin 1993 dá sílẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2008, ó tún ṣẹlẹ̀. Oògùn eyín ni lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ rẹ̀ ni My Pikin. Kì í ṣe ọjà abẹ́ tábìlì; ilé-iṣẹ́ tí ìjọba mọ̀ ní Èkó ló ṣe é. Ọmọ 84 ló kú. Ní 2013, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje-méje, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ ọ̀hún pa. Ní 2022, ní Gáńbíà, nǹkan bíi 70 ọmọ ló kú látàrí oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tó wá láti Íńdíà.

Kí ni òbí rí nínú gbogbo èyí? Òbí ò rí inú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ti bu èròjà náà. Òbí ò lè tọ́ ọ wò kó mọ̀, torí ó dùn bí èyí tó dára ṣe dùn. Àmọ́ ohun kan wà tó jẹ́ pé òbí ló máa kọ́kọ́ rí i, kí dókítà tó rí i, kí NAFDAC tó gbọ́: pámpáàsì tó gbẹ. Ọmọ mu omi, ó mu ọyàn, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò tọ̀. Kíndìnrín ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti ju ẹyọ kan lọ ní ilé ìwòsàn, ìbéèrè tó ń ṣí ilẹ̀kùn kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ìbéèrè lásán ni: "Ìyá ọmọ, kí lẹ fún un mu?" Ìdáhùn ìyá, àti ìgò tí wọ́n gbé wá láti ilé, ló ń sọ fún yàrá ìwádìí ibi tó yẹ kí wọ́n wò. Bí ìyá bá rántí orúkọ oògùn, ọjọ́ tó rà á, àti iye ìgbà tó fún ọmọ, ó lè gba ọmọ ẹlòmíràn là. Bó bá ti ju ìgò nù, ọ̀nà dí nìyẹn.

Àwọn tó fetí sílẹ̀

Dókítà obìnrin kan wà, Cicely Williams, ọmọ bíbí Jàmáíkà. Ní 1929 ó dé Gold Coast, tí a mọ̀ sí Gánà lónìí. Ó ń rí àwọn ọmọ tó ti kúrò lọ́mọ ọwọ́, tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn ń pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní pellagra ni, àìsàn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá tó ń sọ èdè Gáà ní orúkọ tiwọn fún un: kwashiorkor, àìsàn tó ń ṣe ọmọ nígbà tí wọ́n bá ti bí àbúrò rẹ̀.

Ẹ wo bí orúkọ yẹn ṣe jinlẹ̀ tó. Kì í ṣe orúkọ lásán, ìdí àìsàn náà ló wà nínú rẹ̀. Àbúrò dé, ó gba ọyàn, ẹ̀gbọ́n wá ń mu ògì àgbàdo nìkan, láìsí ẹja, láìsí ẹ̀wà. Williams gba àwọn ìyá náà gbọ́. Ó kọ̀wé nípa àìsàn náà ní 1933, nígbà tó sì di 1935 ó lo orúkọ tí wọ́n fún un nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Títí dòní, orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní gbogbo ayé.

Obìnrin yìí kan náà ló dìde ní Singapore ní 1939, níwájú àwọn ọlọ́rọ̀ ẹgbẹ́ Rotary, tó bu ẹnu àtẹ́ lu mílíìkì agolo tó kún fún ṣúgà tí wọ́n ń polówó fún ìyá ọlọ́mọ. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ìpànìyàn ni. Ní 1974, Mike Muller kọ ìwé pélébé kan fún ẹgbẹ́ War on Want lórí ọ̀rọ̀ náà. Lára ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan àwọn ilé-iṣẹ́ mílíìkì nígbà náà ni pé wọ́n ń rán obìnrin tó wọṣọ bíi nọ́ọ̀sì sí àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìyá náà á rò pé nọ́ọ̀sì ló ń gba òun nímọ̀ràn. Ìpolówó ọjà ló ń gbọ́. Ní 1977, àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ọjà Nestlé nítorí rẹ̀. Ní 1981, àwọn orílẹ̀-èdè dìbò lórí ìlànà títa mílíìkì ọmọ ọwọ́: 118 fara mọ́ ọn, Amẹ́ríkà nìkan ló kọ̀ ọ́. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní 1990.

A ò sọ pé mílíìkì agolo burú. Ìyá mìíràn wà tí ọyàn rẹ̀ kò wá, ọmọ mìíràn wà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ewu ibẹ̀ ni omi tí kò mọ́, ìgò tí wọn ò bọ̀, àti ìyá tí owó rẹ̀ kò tó tó wá ń bu omi lu mílíìkì kí agolo lè pẹ́. Ẹni tó polówó rẹ̀ ti mọ èyí. Ó kàn fi aṣọ funfun bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé

Inú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà la fẹ́ parí ìtàn náà sí, torí ibẹ̀ la ti rí ìdáhùn tó tẹ́ wa lọ́rùn jù.

Ní 1956, dókítà kan láti Ìlú Ọba, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìṣòro tó bá ni pé ọmọ ń rù díẹ̀díẹ̀ lójú ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ títí tó fi dé bèbè ikú. Ẹni tó ń rí ọmọ lójoojúmọ́ kì í rí i bó ṣe ń rù, gẹ́gẹ́ bí a kì í ṣe rí koríko bó ṣe ń hù.

Ohun tó ṣe kò ju káàdì lọ. Lóṣooṣù, wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á fi àmì sí ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì, wọ́n á fi ìlà so àmì pọ̀ mọ́ àmì. Bí ìlà bá ń gòkè, ó dára. Bó bá lọ gbọọrọ láìgòkè, ìkìlọ̀ nìyẹn. Bó bá ń wálẹ̀, ẹ tètè sáré. Kò ní kí ìyá mọ̀wé kó tó lè kà á. Ohun tó wú wa lórí jù ni pé kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ni wọ́n ń tọ́jú káàdì náà sí. Wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n fún ìyá ọmọ kó máa gbé e lọ sílé.

Ẹ rò ó wò. Ìyá ló ń sọ ohun tó rí, òṣùwọ̀n ló ń sọ ohun tí ojú ò lè rí, orí bébà kan ṣoṣo ni méjèèjì ti pàdé, ọwọ́ ìyá ni bébà náà sì wà. Káàdì irú èyí tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Èyí tí ẹ gbà ní kílíníìkì nígbà tí ẹ bímọ, tàbí tí ìyá yín ṣì fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ òkè, ẹbí rẹ̀ ni.

Báwo la ṣe máa sọ tiwa?

Pẹ̀lú gbogbo ìtàn yìí, a ṣì ń sọ èrò wa nípa ọjà. A fẹ́ràn òrí fún awọ ara ọmọ nígbà ọyẹ́. A ò da pọ́dà sí ọmọ lára mọ́, torí àwọn dókítà ọmọdé ní èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Káńfọ̀ ò wọ àpótí aṣọ ọmọ wa, tìróò ò kan ojú rẹ̀. Nígbà tí ìyá ìyàwó bi wá pé kí ló dé, a ò bá wọn jiyàn. A ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin ò ṣe nǹkan kan tó burú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ti wá mọ̀ báyìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ti dé. Wọn ò sì bínú.

Ohun tó yí padà lọ́dọ̀ wa ni ọ̀nà tí a ń gbà sọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, a ra ìpara ọmọ kan, ara ọmọ sì sú lọ́jọ́ kejì. A ò kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ wa pé "ìpara yìí ti burú jù." Ohun tí a kọ ni orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà tó wà nídìí ìgò, ọjọ́ tí a là á, ibi tí a fi pa á, àti ohun tí a rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òbí mẹ́ta ti fèsì. Méjì nínú wọn ní nọ́ńbà kan náà. A kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún wa, ó sì kó ìyókù kúrò lórí àtẹ. A ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a ò sì díbọ́n pé a mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin tó máa tó di òbí, ẹ̀bẹ̀ wa nìyí. Bí ẹ bá ń sọ èrò yín nípa ọjà ọmọ, ẹ ya ohun tí ẹ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ rò. Ẹ má kàn sọ pé "ó dára". Ẹ sọ ohun tó ṣe, iye ọjọ́ tó gbà, àti ọjọ́ orí ọmọ. Bí ẹnìkan bá san owó fún yín láti yìn ín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ilé-iṣẹ́ tí ìjọba mọ̀ ló ṣe My Pikin. Bí ara ọmọ bá yí padà lẹ́yìn oògùn, ẹ má ju ìgò nù. Ẹ gbé òun àti ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí pámpáàsì bá sì gbẹ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ má dúró de ẹgbẹ́ WhatsApp.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ á lè sọ̀rọ̀. Á sọ fún wa pé ọṣẹ yẹn ń ta òun lójú, pé oògùn yẹn korò, pé òun ò fẹ́. Títí dìgbà yẹn, àwa la jẹ́ ẹnu rẹ̀. Kí á sọ ohun tí a rí, kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí á sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè yẹ inú ìgò wò.